Wọ́n Yẹ Ọkọ̀ Wò, Wọn Ò Yẹ Awakọ̀ Wò

Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni mẹkáníìkì fi wà lórí ọkọ̀ Bàbá Ìbejì. Ó pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì, ó pààrọ̀ bíréèkì, ó tú rédíétọ̀, ó sì fọ̀ ọ́ mọ́. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Bàbá fúnra wọn ló lọ rà á. Wọ́n wọ awò ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ka nọ́ńbà mẹ́rin tí wọ́n máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, èyí tó ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, nítorí wọ́n mọ̀ pé táyà tó ti pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù lè máa dán kó sì bẹ́ lójú títì. Wọ́n gba ìwé ìbánigbófò ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS. Àwọn àti ìyàwó wọn gba abẹ́rẹ́ ibà apọ́njú, wọ́n sì gba yẹ́lò káàdì rẹ̀. Ohun tó bá ti jẹ mọ́ ọkọ̀ àti ìwé, wọn ò gbàgbé ìkankan.

Ẹni ọdún 71 ni Bàbá nígbà yẹn. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti wà lára wọn láti ìgbà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní relúwéè. Nínú gbogbo ètò tí wọ́n ṣe, kò sí ọjọ́ kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ láti lọ rí dókítà.

Ìyá Ìbejì ló ní kí n kọ ìtàn yìí. Wọ́n ní kí n má dárúkọ àwọn, ṣùgbọ́n kí n má ṣe bo nǹkan kan mọ́lẹ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ àgbàlagbà tó pọ̀ tó ń palẹ̀ mọ́ fún irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀: ẹni tó fẹ́ lọ wo ilé tí wọ́n bí i sí, ẹni tó fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ tí wọ́n ti rí gbẹ̀yìn láti ìgbà èwe. Àdúgbò kan náà la jọ ń gbé n'Ìbàdàn. Ẹnu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ń falẹ̀ lẹ́nu Bàbá báyìí, tí èèyàn ní láti fara balẹ̀ dúró dè wọ́n.

Kùmásí ni wọ́n bí Ìyá Ìbejì sí. Ará Ìníṣà ni bàbá wọn, ó sì lọ ṣòwò ní Gánà gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Èjìgbò, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí ṣe lọ nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ibẹ̀ àti níhìn-ín. Aṣọ ló ń tà. Nígbà tó di ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà pàṣẹ pé àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò ní ìlú. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n ti kọ́lé síbẹ̀, tí wọ́n ti bímọ síbẹ̀, tí wọn ò tilẹ̀ mọ ojú ọ̀nà ilé bàbá wọn mọ́, ló fi ọjà sílẹ̀ tí wọ́n sá lọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Ìyá Ìbejì. Wọ́n rántí pé lọ́ọ̀rì ni wọ́n fi kó wọn, pé ìyá wọn di odó mọ́ àárín ẹrù, àti pé ọmọbìnrin Àṣáńtì kan tí wọ́n jọ ń lọ sí ilé-ìwé sáré tẹ̀ lé lọ́ọ̀rì náà títí eruku fi bò ó.

Ọmọbìnrin yẹn ni wọ́n fẹ́ lọ rí. Ọmọ ọmọ wọn ló bá wọn wá a lórí Facebook. Òun náà ti di ìyá àgbà, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ bí Ìyá Ìbejì ṣe fẹ̀yìn tì.

Ní ti Bàbá, ọmọ Kétu ni ìyá tó bí ìyá wọn, Kétu tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lónìí. Ìdílé náà ò já ara wọn sílẹ̀. Ọmọdé ibẹ̀ ń pè wọ́n lórí fóònù, ṣùgbọ́n Bàbá kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ìyá wọn rí. Tí a bá ń sọ pé ẹnì kan ní ẹ̀tọ́ láti rin irú ìrìn yìí, àwọn méjèèjì ní in. Mo ń sọ èyí nítorí pé mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń wí pé, “Kí ni wọ́n ń wá kiri lọ́jọ́ ogbó?” Ọ̀rọ̀ náà bí mi nínú. Ìrìn àjò yẹn kò burú rárá. Ohun tó burú, ohun kékeré kan ni, kò sì tóbi ju hóró àgbàdo lọ.

Oògùn mẹ́ta ni dókítà ń kọ fún Bàbá. Ọ̀kan nínú wọn máa ń fa omi àti iyọ̀ jáde lára, ó sì máa ń mú kí èèyàn tọ̀ léraléra láàárín wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tó bá ti lò ó. Gbogbo ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru nílé mọ̀ ọ́n. Ní ilé kò sí wàhálà, ilé ìtọ̀ kò jìnnà. Lójú ọ̀nà ńkọ́? Láti Èkó dé Sèmè, títí dé Kútọnu, títí dé Lomé, dúró-n-yẹ̀-ọ́-wò ló kún ojú títì. Níbi tí ọkọ̀ ti tò ní ẹnubodè, ta ni yóò sọ̀ kalẹ̀ tí yóò sì fi ọkọ̀ sílẹ̀? Àgbà ọkùnrin tó ti jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́, kó wá máa wá ẹ̀yìn igbó tí yóò tọ̀ sí lójú àwọn ọlọ́kadà, ìtìjú ni. Nítorí náà, láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n gbéra, Bàbá lo oògùn méjì, wọ́n fi ẹ̀kẹta sílẹ̀. Wọ́n ní tí àwọn bá dé ibi tí àwọn ń lọ, àwọn yóò lò ó. Wọ́n dé alẹ́, ó rẹ̀ wọ́n, wọ́n sùn. Omi pàápàá, ẹnu ni wọ́n fi ń tọ́ ọ wò.

Ìyá Ìbejì náà kì í mu omi lọ́jọ́ ìrìn àjò. Tiwọn tilẹ̀ burú jù, nítorí ibi tí obìnrin lè dúró sí lójú ọ̀nà kò tó ti ọkùnrin. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà mìíràn ní àdúgbò wa lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yìí, ìdáhùn kan náà ni mo ń gbọ́. Ẹni tó ń lọ sí ìsìnkú n'Ílọrin, ẹni tó ń lọ sí ìgbéyàwó l'Ákùúrẹ́, wọn yóò yọ oògùn yẹn sílẹ̀ láàárọ̀, wọn yóò sì fi ọ̀fun gbígbẹ jókòó títí wọn yóò fi débẹ̀. Wọn ò sọ fún ọmọ. Wọn ò sọ fún dókítà. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sì í ké. Kò dà bí ehín tí yóò máa dunni kí èèyàn lè mọ̀ pé nǹkan ń bàjẹ́. Ó lè ga sókè títí láìsí orí fífọ́ kan, kí ẹni tó fi oògùn sílẹ̀ sì máa rò pé ara òun le.

Nǹkan kejì ni ìgò oògùn. Kí ẹrù má baà pọ̀, Bàbá tú gbogbo oògùn kúrò nínú páálí àti ewé tí wọ́n fi dì í, wọ́n dà á pọ̀ sínú ìgò kan ṣoṣo, funfun pọ̀ mọ́ funfun. Wọ́n ka iye tí yóò tó wọn fún iye ọjọ́ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ relúwéè ni wọ́n, ẹni tó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ tẹ̀ lé ìwé tó ń sọ àkókò tí relúwéè gbéra àti àkókò tó gúnlẹ̀. Wọ́n kọ orúkọ ìlú àti orúkọ èèyàn sínú ìwé kékeré, wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n máa dé àti ọjọ́ tí wọ́n máa kúrò. Ohun tí wọn ò rò mọ́ ọn ni pé èèyàn ni wọ́n ń lọ kí. Ilé ẹni tó ti ń retí rẹ láti ọdún gbọọrọ kì í ṣe ibùdókọ̀.

Ní Bàdágìrì, ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ relúwéè n'Ídó ní wọn ò gbọdọ̀ lọ láìjẹ iyán. Ní Kútọnu, ọ̀rẹ́ mìíràn ní ó dọ̀la. Ní Lomé, tí ẹnubodè Gánà wà nínú ìlú gan-an tí èèyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn kọjá sí Aflao, ojo dá wọn dúró. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Accra, ìwé kékeré Bàbá ti di àkọtúnkọ, wọ́n sì ń fi pẹ́ńsù pa ọjọ́ rẹ́ tí wọ́n ń kọ òmíràn. Láti Accra sí Kùmásí ń lọ bíi 250 kìlómítà, wọ́n sì wà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọn ò sọ̀ kalẹ̀ àfi níbi tí wọ́n ti ra epo.

Kùmásí wá dára ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Ìyá Ìbejì sọ fún mi pé àwọn ò mọ̀ pé èdè Twi ṣì wà lẹ́nu àwọn. Bí ọ̀rẹ́ wọn ṣe jáde síta tó sì pe orúkọ wọn, orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n ní kékeré tí kò sẹ́ni tó pè wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé, ńṣe ni èdè náà tú jáde. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọn ò lè wọlé. Wọ́n lọ sí ilé tí bàbá wọn kọ́. Ẹlòmíràn ló ni ín báyìí, ṣọ́ọ̀bù ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Onílé náà kò bá wọn jà, ó mú wọn yí ilé ká, ó sì fún wọn ní omi. Wọ́n lọ sí ọjà Kejetia, tó wà lára àwọn ọjà tó tóbi jù ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, wọ́n wá ibi tí ìyá wọn máa ń jókòó sí, àmọ́ wọ́n ti wó o tún un kọ́. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń jẹ fùfú àti ọbẹ̀ tí wọ́n fi koobi sè, ẹja gbígbẹ tí wọ́n ti fi iyọ̀ rẹ. Bàbá fẹ́ràn ẹja náà púpọ̀. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru mọ iye iyọ̀ tó wà nínú irú ẹja bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó sídìí àwo ọ̀rẹ́ tó ti di ọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀, tí yóò máa béèrè iyọ̀?

Wọ́n pẹ́ ní Kùmásí ju ìlọ́po méjì iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ibẹ̀ ni ìgò oògùn náà ti gbẹ.

Bàbá kò kọ́kọ́ sọ. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, tí wọ́n dé Lomé, Ìyá Ìbejì rí ìgò òfìfo náà, wọ́n sì fi agídí mú wọn lọ sí ilé oògùn. Obìnrin tó wà níbẹ̀ béèrè orúkọ oògùn. Bàbá ní ó funfun, ó kéré, òmíràn sì ní ìlà láàárín. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní gbogbo oògùn ló funfun. Bàbá dá orúkọ kan, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é fi ń tà á ní Nàìjíríà. Kò sí orúkọ yẹn ní Tógò. Tó bá jẹ́ pé wọ́n mọ orúkọ oògùn náà gan-an ni, bíi amlodipine tàbí lisinopril tàbí hydrochlorothiazide, tí wọ́n sì mọ iye mílígíráàmù rẹ̀, kò sí ilé oògùn láti Èkó dé Abidjan tí wọn ò ti ní mọ̀ ọ́n, nítorí èdè Faransé àti èdè Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ yí orúkọ yẹn padà. Obìnrin náà kò fi wọ́n sílẹ̀ lásán. Ó ní ilé ìwòsàn wà ní òpópónà kejì, kí wọ́n lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn níbẹ̀, kí dókítà sì kọ oògùn mìíràn. Bàbá dúpẹ́. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ àwọn ń dúró dè wọ́n ní Kútọnu, pé ó ti se oúnjẹ sílẹ̀, pé kò ní dára kí àwọn jẹ́ kó tutù. Wọ́n ní ó ku díẹ̀ kí àwọn délé, àwọn yóò lo oògùn tí àwọn bá délé.

Ìyá Ìbejì ń padà síbi ọ̀rọ̀ yẹn lójoojúmọ́. Wọ́n ní tí àwọn bá jókòó sílẹ̀ níwájú ilé oògùn yẹn tí àwọn kọ̀ tí àwọn ò wọ ọkọ̀ ńkọ́?

Láti Kútọnu, wọ́n gba Àjàṣẹ́, wọ́n gba Sakẹ́tẹ́ àti Ìpọ́bẹ́ lọ sí Kétu. Inú Bàbá ń dùn, nítorí láti Sakẹ́tẹ́ lọ ni wọ́n ti ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn tó ń ta nǹkan lójú ọ̀nà. Ní Kétu, ìdílé jáde pàdé wọn. Wọ́n mú wọn lọ sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè odi àtijọ́ tó ṣì dúró títí dòní. Wọ́n sọ ìtàn bí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì ṣe kó ìlú náà ní 1886, bí wọ́n ṣe kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Àgbómẹ̀, àti bí àwọn tó ṣẹ́ kù ṣe padà wá tún un tẹ̀ dó ní 1894 lẹ́yìn tí àwọn Faransé ti ṣẹ́gun ọba Dàhọ̀mì. Obìnrin arúgbó kan ki Bàbá ní oríkì ìyá wọn. Bàbá sunkún, wọ́n sì jó. Wọ́n jó títí di alẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ife ẹ̀kọ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún wọn. Wọ́n fẹ́ mú un nílẹ̀, apá náà kò gbọ́ràn. Ìyá Ìbejì bi wọ́n ní ohun tó ṣe wọ́n, ìdáhùn tó jáde kò yé ẹnikẹ́ni, ẹnu wọn sì ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Àwọn ìdílé ò fẹ́ràn wọn díẹ̀, ìfẹ́ náà gan-an ló sì fa ìdádúró. Ẹnì kan ní ayé ló ta wọ́n ní ọta nítorí ijó àná. Ẹnì kan lọ pe oníṣègùn. Òmíràn fẹ́ rọ epo pupa sí wọn lẹ́nu. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gùn zémidjan, ọ̀kadà ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí irú àìsàn yìí ti ṣe bàbá tirẹ̀ rí, ló gba ìgò epo náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣe dáadáa. Ẹni tí rọpárọsẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù lè má lè gbé nǹkan mì, ohun tí a bá rọ sí i lẹ́nu lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ló pariwo pé ilé ìwòsàn ni, kí wọ́n má jókòó. Ṣùgbọ́n oòrùn ti wà lágbedeméjì ọ̀run kí wọ́n tó débẹ̀.

Àkókò yẹn ṣe pàtàkì. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ dídì ló dí iṣan inú ọpọlọ, oògùn kan wà tó lè tú u, ṣùgbọ́n láàárín wákàtí mẹ́rin àbọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún aláìsàn. Tó bá sì jẹ́ pé iṣan ló bẹ́, oògùn kan náà lè pa á. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí ló lè fi ìyàtọ̀ hàn, kì í sì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ní in. Kútọnu ni wọ́n gbé Bàbá lọ yà á níkẹyìn. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni. Àkókò oògùn náà ti kọjá.

Dókítà àkọ́kọ́ béèrè oògùn tí Bàbá ń lò. Ìyá Ìbejì nawọ́ ìgò òfìfo sí i. Wọ́n pe ọmọ wọn n'Ìbàdàn, ọmọ náà fọ́ ilẹ̀kùn yàrá, ó wá páálí oògùn lábẹ́ ibùsùn, ó sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Ilẹ̀ ti ṣú kí fọ́tò náà tó wọlé.

Kò sí dókítà tó sọ pé oògùn tí wọ́n fi sílẹ̀ nìkan ló fà á. Ọjọ́ orí wà níbẹ̀, ìjókòó pípẹ́ wà níbẹ̀, iyọ̀ àti àìmu omi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó tọ́wọ́ Bàbá láti yàn, òun náà ni.

Lẹ́yìn tí ara wọn gbà á díẹ̀, wọ́n gbé wọn gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ àti Abẹ́òkúta wálé. Wọ́n ta ọkọ̀ láti san owó ìwòsàn. Ẹni tó rà á yìn ín gan-an, ó ní ẹ́ńjìnì rẹ̀ dá ṣáká, táyà rẹ̀ sì ṣì tuntun.

Mo ti bá dókítà kan sọ̀rọ̀ nípa oògùn tó ń múni tọ̀ yìí. Inú rẹ̀ bàjẹ́ nígbà tó gbọ́ bí ó ṣe wọ́pọ̀ tó. Ó ní ká ní àwọn àgbà lè sọ ọ́ jáde ni, ọ̀nà pọ̀: dókítà lè yí àkókò tí wọ́n ń lò ó padà lọ́jọ́ ìrìn àjò, ó sì lè pààrọ̀ rẹ̀ sí oògùn mìíràn pátápátá. Ohun tí kò fẹ́ ni pé kí aláìsàn dá a dúró fúnra rẹ̀ kó sì dákẹ́. Ó ní kí wọ́n wá rí òun ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbéra, kí wọ́n mú oògùn tó pọ̀ ju iye ọjọ́ wọn lọ dáadáa, kó wà nínú páálí tirẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé nínú àpò ọkọ àti ti ìyàwó. Ní bíi wákàtí méjì-méjì, kí wọ́n dá ọkọ̀ dúró, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n rìn, kí wọ́n tọ̀, kí wọ́n mu omi. Ẹsẹ̀ tó bá ká kò fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan rẹ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀ ríru rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba àgbà lálejò, ọ̀rọ̀ yín kù. Ẹ máa ń bi wọ́n bóyá wọ́n ti jẹun, bóyá wọ́n ti wẹ̀, bóyá wọ́n sùn dáadáa. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú bóyá wọ́n ti lo oògùn. Ẹ fi ilé ìtọ̀ hàn wọ́n kí wọ́n tó béèrè, nítorí wọn ò ní béèrè. Tí ẹ bá dá wọn dúró fún ọjọ́ mẹ́ta sí i, ẹ wo ìgò wọn bóyá ó gba ọjọ́ mẹ́ta. Kò sí ọmọ tó bú àgbà tó bá bi í bẹ́ẹ̀.

Bàbá Ìbejì ń rìn báyìí, ọ̀pá lọ́wọ́. Ọwọ́ ọ̀tún kò tíì lè di pẹ́ńsù mú. Ọ̀rẹ́ Ìyá Ìbejì ń pè láti Kùmásí ní gbogbo ọjọ́ Sunday, ó ní ọwọ́ òun ni Bàbá ti jẹ koobi, òun fẹ́ wá kí wọn n'Ìbàdàn kí ọdún yìí tó parí. Òun náà ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìyá Ìbejì ní òun ò kọ̀, àlejò pàtàkì ni, ṣùgbọ́n kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, kó kọ́kọ́ ya fọ́tò gbogbo páálí oògùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí òun, kó sì kọ àkókò tó ń lo ìkọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀ rẹ̀. Fọ́tò méjì ti wọlé. Ìyá Ìbejì ní ó ṣẹ́ ku ọ̀kan, wọ́n sì ti tún pè é pé òun ṣì ń retí rẹ̀.